Bí Sítíárìn Bá Le, Bí Éésì Ò Bá Tutù: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Lọ́kọ̀ Ẹrù

  

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹrù la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, torí ìyẹn ti sú gbogbo wa láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ọkọ̀ tiwa gan-an là ń wí: Kánítà, Dáínà, Háísì àti píkọ́ọ̀pù Hilux tí ọ̀pọ̀ nínú wa fowó àjọ rà, tàbí tá a yáwó rà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tá a wá fa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé dírẹ́bà lọ́wọ́ pé kó máa bá wa kó ata, tòmátì, ẹja àti àlùbọ́sà. Nínú gbogbo àìsàn ọkọ̀ wọ̀nyí, méjì wà tá a máa ń sanwó lé lórí láì mọ ohun tá a sanwó fún. Ọ̀kan ni sítíárìn tó le. Èkejì ni éésì tí kò tutù.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Dírẹ́bà á pè láàárọ̀ kùtù: "Màámi, sítíárìn ò yí mọ́ o." Ẹ̀yin á ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Mẹ́káníìkì á wo inú ẹ́ńjìnì, á mi orí: "Màámi, póńpù ti lọ. Ká wá tọ́kùnbọ̀ ní Ládípọ̀ ló kù." Ọkọ̀ á jókòó lọ́jọ́ mẹ́ta. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó yẹ kó ti dé ọjà á máa ṣomi níbi tó wà. Nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ póńpù tán, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé kì í ṣe póńpù ló bàjẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Epo ló lọ sílẹ̀, torí họ́ọ̀sì kan ń jò, irin roboto tí wọ́n fi ń de họ́ọ̀sì náà kò sì tó owó apẹ̀rẹ̀ ata kan.

A ò sọ pé olè ni gbogbo mẹ́káníìkì o. Àwọn tó mọṣẹ́, tó sì bẹ̀rù Ọlọ́run, wà. Àmọ́ kò sí ìyá kan nínú ọjà wa tí wọ́n máa wọn ẹ̀wà fún tí kò ní wo ìdí kóńgò. Kí ló dé tá a wá ń dijú sanwó nídìí mọ́tò?

BÍ SÍTÍÁRÌN ṢE Ń ṢIṢẸ́

Kì í ṣe idán. Póńpù kan wà lára ẹ́ńjìnì, bẹ́líìtì ló ń yí i. Póńpù yìí á máa fi agbára ti epo gba inú họ́ọ̀sì lọ sí ráàkì tàbí gíábọ́ọ̀sì sítíárìn nísàlẹ̀, epo yẹn ló ń bá dírẹ́bà ti táyà. Tó bá ṣiṣẹ́ tán, á gba họ́ọ̀sì kejì padà sínú agolo kékeré kan tó ní ìdérí. Epo, bẹ́líìtì, họ́ọ̀sì, póńpù, ráàkì: gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Póńpù àti ráàkì ló wọ́n. Àwọn mẹ́ta tó kù ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àwọn gan-an ló sì yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Tẹ́ ẹ bá wá agolo yẹn títí tẹ́ ẹ ò rí i, pàápàá nínú ọkọ̀ kéékèèké tó jẹ́ ti ayé ìsinsìnyí, ó lè jẹ́ iná bátìrì ló ń yí sítíárìn tiyín. Ìyẹn ò lo epo rárá, iṣẹ́ rẹwáyà tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta epo sítíárìn fún yín lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ṣí ohunkóhun, ẹ wo táyà iwájú. Ẹ ní kí fọkanáísà fi gééjì wọ̀n ọ́n. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ máa mú kí sítíárìn le bí ìgbà tí póńpù ti kú. Ẹrù tó pọ̀ jù náà ń ṣe é. A mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ èyí, torí ọkọ̀ kan tó kó ẹrù ọkọ̀ méjì máa ń dà bí èrè lójú wa. Ṣùgbọ́n sítíárìn, bíréèkì àti táyà ló ń san gbèsè rẹ̀.

ÀYẸ̀WÒ ÀÁRỌ̀

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, obìnrin lè ṣe é, ọmọ ilé ìwé lè ṣe é. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnì ti kú, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín, kì í ṣe lára ọkọ̀. Ẹ tú ìborùn sílẹ̀, ẹ ká ìró mọ́ra, ẹ so gèlè le. Bẹ́líìtì àti fáànù ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Alhaja. Nínú ọkọ̀ mìíì, fáànù iwájú rádíátọ̀ lè dìde yí fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá ṣì gbóná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti pa á. Nínú Kánítà, orí ọkọ̀ ni wọ́n máa ń gbé sókè kí wọ́n tó rí ẹ́ńjìnì: ẹ rí i pé irin tó gbé orí náà dúró ti kọ́ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó ti ọrùn bọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi àkísà tó mọ́ nu ìdérí agolo epo sítíárìn kẹ́ ẹ tó ṣí i. Iyanrìn díẹ̀ tó bá já sínú epo yẹn tó láti pa póńpù. Ilà méjì máa ń wà lára agolo tàbí lára ọ̀pá tó wà nídìí ìdérí. Kí epo wà láàárín méjèèjì. Tó bá lọ sí ìsàlẹ̀ ilà kékeré, ẹ bù ú kún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bù ú kọjá ilà òkè, torí tó bá gbóná á wú, á sì tú jáde.

Irú epo wo? Ìdérí náà máa ń sọ ọ́, ìwé ọkọ̀ náà sì ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ Toyota tó ń lo póńpù ló ń lo epo pupa tí wọ́n ń pè ní ATF Dexron, irú èyí tí wọ́n ń bù sí gíá òtòmátíìkì. Honda ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyè méjì, ẹ ka ohun tó wà lára ìdérí fún ẹni tó ń ta epo. Ohun kan tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ láé ni kí dírẹ́bà bu ọ́ìlì bíréèkì sí i nítorí pé òun ló wà nítòsí. Ọ́ìlì bíréèkì máa jẹ́ kí àwọn rọ́bà inú póńpù àti ráàkì wú, kí wọ́n sì bàjẹ́. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ "póńpù ti lọ" máa wá di òótọ́.

Ẹ wo àwọ̀ epo náà. Pupa tó mọ́ ni tó dára. Tó bá ti dúdú bí ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ ní kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n bu tuntun sí i. Tó bá ń hó bí ọṣẹ, tàbí tó funfun bí omi ògì, afẹ́fẹ́ ti wọnú rẹ̀ nìyẹn.

Ariwo náà ń sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta nígbà tí wọ́n bá ń yí sítíárìn, epo ló dín kù tàbí afẹ́fẹ́ ló wọlé. Bó bá jẹ́ pé ó han gooro bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dè, pàápàá nígbà tí sítíárìn bá dé òpin, bẹ́líìtì ló dẹ̀ tàbí tó ti gbó. Ẹ wo bẹ́líìtì náà. Tó bá ti sán wẹ́wẹ́, tó ń dán bí ẹnu àtíbàbà ọ̀rá, tàbí tí etí rẹ̀ ti ń tú bí aṣọ òkè tó ti pẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi bóòtù fà le, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó gùn jù nínú rẹ̀: kó wọlé bí ìbú ìka kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

PÁÁLÍ LÁBẸ́ ỌKỌ̀

Bí epo bá ń dín kù lójoojúmọ́, ibì kan ló ń gbà jáde. Ẹ wá páálí funfun, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ iwájú ọkọ̀ lálẹ́, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Epo pupa ni ti sítíárìn, tàbí ti gíá tó bá jẹ́ òtòmátíìkì. Dúdú ni ti ẹ́ńjìnì. Omi tó ní àwọ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ti rádíátọ̀ ni. Omi lásán tó mọ́ gaara, ti éésì ni, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Họ́ọ̀sì méjì ló wà, ẹ má ṣì wọ́n mú. Èyí tó ń dá epo padà sínú agolo, irin roboto ni wọ́n fi dè é. Bí ibẹ̀ bá ń rin, ẹ lè fi súpánà tàbí tọnafísì fún un le fúnra yín, tàbí kẹ́ ẹ ra irin tuntun. Èyí tó jáde láti ara póńpù, tí wọ́n fi irin tẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ẹ má fọwọ́ kan án. Epo inú rẹ̀ lè ní agbára tó ju 1,000 psi lọ, bẹ́ẹ̀ ni táyà Hilux kì í sábà ju 30 sí 50 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìka wá ibi tó ń jò lára rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, torí epo náà lè gún awọ wọlé bí abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ló sì máa parí rẹ̀ sí. Kí wọ́n má sì fi rọ́bà táyà dì í. Epo gbígbóná tó bá tú sára sàléńsà lè gbiná. Ẹ ra tuntun, tàbí kẹ́ ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ họ́ọ̀sì fún katapílà, kí wọ́n tẹ ẹnu tuntun sí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú họ́ọ̀sì tàbí tí epo bá ti gbẹ, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jáde. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré. Ẹ fi òkúta di táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, kẹ́ ẹ sì gbé e lé ìdúró irin tó lágbára. Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, kì í sì í ṣe jáàkì nìkan. Ẹ kún agolo. Kí ẹnì kan jókòó sídìí sítíárìn, kó máa yí i lọ sọ́tùn-ún títí dé òpin, kó yí i sósì títí dé òpin, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ́ńjìnì ṣì wà ní kíkú. Kí ẹnì kejì máa wo agolo, kó máa bù kún un bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí ìfófòó ò bá jáde mọ́, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ tún yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi sítíárìn sílẹ̀ ní òpin ju bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, torí ibẹ̀ ni póńpù ti ń gbóná jù. Ẹ sọ èyí fún dírẹ́bà yín náà, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ń fi agbára di sítíárìn mú ní òpin nígbà tí wọ́n bá ń rìn ẹ̀yìn wọ ọjà.

Bó bá jẹ́ lórí eré ni sítíárìn le lójijì, ọkọ̀ ṣì máa yà, kò kàn ní rọrùn ni. Kí dírẹ́bà fọwọ́ méjèèjì mú un, kó dín eré kù, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ kó wo dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí póńpù sítíárìn, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ éésì, ọ̀tánétọ̀ tó ń fi iná sí bátìrì àti póńpù omi. Bí iná bátìrì bá tàn, tí éésì gbóná, tí sítíárìn sì le lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́líìtì ti já. Kó pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀ tó bá ti dúró síbi tó dára. Ẹni tó bá ní òun á rọra wà á dé iwájú, á nọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnì, owó bẹ́líìtì á di owó ẹ́ńjìnì.

Ó YÁ, ÉÉSÌ ŃKỌ́?

Àwọn kan nínú wa gbà pé afẹ́ ni éésì fún dírẹ́bà ọkọ̀ ẹrù. "Ṣé ìyàwó ló ń gbé ni?" Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n a ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ láti Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì bọ̀ nínú ooru, tí ẹ́ńjìnì ń jó o lẹ́sẹ̀, oorun á tètè gbé e. Bí òjò bá sì ń rọ̀ lálẹ́, tí gíláàsì iwájú bo fún èémí, éésì ló ń yára gbẹ ẹ́. Dírẹ́bà tí kò rí iwájú, ẹrù yín àti ẹ̀mí rẹ̀ ló gbé dání. Lóòótọ́, éésì ń jẹ epo díẹ̀. Kẹ́ ẹ bá a sọ ìgbà tó yẹ kó tàn án, ìyẹn dára ju kẹ́ ẹ jẹ́ kó kú lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyí: gáàsì éésì kì í tán bí epo bẹntiróòlù. Yíyí ló ń yí ká nínú páìpù, kò síbi tó ń lọ. Ó lè fi ọ̀pọ̀ ọdún dín kù díẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ń fi gáàsì kún ọkọ̀ yín ní oṣù méjì-méjì, ó ń jò, wọn ò sì tíì dí i. Owó gáàsì lẹ ń san, afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń dà á sí.

Kẹ́ ẹ tó pe oníéésì, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ bọ́tìnnì éésì, kẹ́ ẹ tẹ́tí. Iwájú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa dún "kàì" lẹ́ẹ̀kan, ìró ẹ́ńjìnì á sì yí padà díẹ̀. Bí kò bá dún, ẹ wo fíúsì éésì lákọ̀ọ́kọ́. Bí fíúsì bá dára, ó lè jẹ́ wáyà, ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti lọ sílẹ̀ débi pé ọkọ̀ náà ò jẹ́ kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yí, kó má baà bàjẹ́. Bó bá dún, tí atẹ́gùn sì ń jáde ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ẹ wo àsẹ́ eruku rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó ti dírẹ́bà ló máa ń wà. Ẹ máa rí eruku ọ̀yẹ́ ọdún mẹ́ta níbẹ̀.

Bí éésì bá ń tutù lórí eré, tó wá gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kì í sábà jẹ́ gáàsì. Fáànù ni, tàbí kóńdẹ́nsà tó dọ̀tí. Kóńdẹ́nsà ni ohun tó dà bíi rádíátọ̀ kejì, tó wà níwájú rádíátọ̀ gangan. Nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù mìíì ẹ̀gbẹ́ tàbí abẹ́ ló wà, pẹ̀lú fáànù tirẹ̀. Kòkòrò, ìyẹ́ àti ẹrẹ̀ ló máa ń dí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, kẹ́ ẹ wá fi omi lásán fọ̀ ọ́. Ẹ má lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò níbẹ̀, torí agbára omi yẹn máa tẹ àwọn irin wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Omi tó bá ń kán sẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀, páìpù kékeré tó yẹ kó da omi síta ló dí. Wọ́n á fi okùn tó rọ̀ la ọ̀nà fún un, ó tán.

Láti wá ibi tí gáàsì ti ń jò, ẹ wo oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan. Ibi tí epo bá ti rin, tí eruku sì lẹ̀ mọ́, ẹ fura sí ibẹ̀, torí gáàsì náà máa ń gbé epo díẹ̀ jáde. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn kán an síbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì wà ní kíkú. Bó bá ń hó, ẹ ti rí i. Ẹ sàmì sí i, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀.

Kò sí ohun tó kàn yín nínú títú páìpù náà. Gáàsì yẹn tutù kọjá yìnyín; tó bá kan ojú, ó lè fọ́ ọ. Iṣẹ́ oníéésì ló kù, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, ẹ bi í léèrè.

"Ọmọ mi, gáàsì wo lo fẹ́ bù sí i?" Ìwé kékeré kan máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń sọ ọ́. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ lo R12. Lábẹ́ àdéhùn Montreal tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1987, ayé ti fi irú gáàsì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ó ń ba ohun tó ń gba oòrùn dúró lókè bàjẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2010. Láti àárín ọdún 1990 sí 1999 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń lo R134a. Àwọn tuntun kan láti òkè òkun ń lo R1234yf, tó wọ́n ju ìyẹn lọ gan-an. Èyí tó bá wà lára ìwé ni kó bù. Bó bá dábàá gáàsì ìdáná, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Páìpù tó bá jò á tú gáàsì ìdáná sínú ọkọ̀ tí dírẹ́bà ti ń wakọ̀.

"Ṣé o máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kó o tó bu gáàsì?" Ó gbọ́dọ̀ fi póńpù fà á bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin tán nínú páìpù. Lẹ́yìn náà kó pa póńpù, kó fi gééjì sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wo ọwọ́ gééjì náà fúnra yín. Bó bá ń gòkè, ó ṣì ń jò, kó má tíì bu ohunkóhun. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ó máa wọn gáàsì náà, torí àpọ̀jù rẹ̀ burú bí àìtó rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ yín, ẹ fi ìgò epo sítíárìn kan tí wọn ò tíì ṣí síbẹ̀, pẹ̀lú irin roboto méjì, iná tọ́ọ̀ṣì, páálí àti bẹ́líìtì kan. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ bẹ́líìtì, tí àtijọ́ náà ò sì tíì já, òun náà ṣì lè gbé ọkọ̀ délé lọ́jọ́ kan. Nọ́ńbà máa ń wà lẹ́yìn bẹ́líìtì. Ẹ dà á kọ sínú ìwé tẹ́ ẹ fi ń ṣírò gbèsè oníbàárà, kí nọ́ńbà náà má pa rẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á.